Èrè Alájàpá: Ìbùkún Ni Tàbí Ègún?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní àkókò yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ọjà ni, lórí àwọn tí ń gbé e láti oko wá sí ìlú, àti lórí èrè tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, níbo ni a ó ti sọ ọ́? Nínú wa ni àwọn tí ń ta gàárì, ẹ̀wà, èlùbọ́, ata àti epo wà. Nínú wa náà ni àwọn tí ń ka owó tí ó kù lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè ra kóńgò ìrẹsì kan wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi a jọ ń jókòó lórí àga kan náà, a sì jọ ń lọ síbi tábìlì Olúwa. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, ọ̀kan yóò jókòó ti igbá ọjà, èkejì yóò dúró níwájú igbá náà. Bí ọjà bá wọ́n, ọ̀kan a ní wọ́n ń fi ebi pa òun, èkejì a ní èébú ni wọ́n fi ń san òógùn òun. Ọlọ́run kan náà ni àwọn méjèèjì ń ké pè. Ta ni kí a dá láre?

KÍ NI ALÁJÀPÁ Ń ṢE GAN-AN?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Alájàpá ni ẹni tí ń ná ọjà oko kan bọ́ sí òmíràn, tí ń ra iṣu, àgbàdo, gàárì tàbí ata lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí ó sì ń kó o wá sí ìlú ńlá. Alárobọ̀ ni ẹni tí ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń tún un tà ní díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà àwọn ìyá ńlá wa, tí wọ́n ń fi orí ru ẹrù lọ sí ọjà ọlọ́rọọ̀rún, ni iṣẹ́ yìí ti wà. Mọ́tò ni ó rọ́pò orí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yàtọ̀.

Ẹlòmíràn a máa sọ pé: àgbẹ̀ ni ó gbìn ín, àgbẹ̀ ni ó kórè rẹ̀, alájàpá kò fi ohunkóhun kún un. Bí ó ṣe rà á ni ó ṣe ń tà á. Kí ló wá dé tí owó fi lé? Ìbéèrè gidi ni èyí, ó sì yẹ kí a fi sùúrù dáhùn rẹ̀. Iṣu tí ó wà ní ẹ̀bá oko ní Òkè-Ògùn kò tíì di oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa ní Mushin. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. A gbọ́dọ̀ gbé e wá. A gbọ́dọ̀ pa á mọ́ kí ó má bàa bàjẹ́. A sì gbọ́dọ̀ pín in sí wẹ́wẹ́, nítorí ìyá tí owó kóńgò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ra odidi àpò kan. Gbígbé, pípamọ́ àti pípín, iṣẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, alágbàṣe sì yẹ fún owó ọ̀yà rẹ̀.

Ẹ wo tòmátò bí àpẹẹrẹ. Láti agbègbè Kano dé ọjà Mile 12 ní Èkó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sí, wọ́n a sì tò ó lé ara wọn nínú ọkọ̀ ńlá. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ a fọ́, ooru a mú un, bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà, omi rẹ̀ a máa ṣàn sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Bí ẹnìkan bá ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá tí ó jẹ́ pé méje péré ni ó ṣeé tà, ibo ni a rò pé yóò ti rí owó mẹ́ta tó ṣòfò? Ara méje náà ni. Nítorí náà, bí owó ọjà bá ju owó oko lọ, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó lé ni èrè. Owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, owó alábàárù wà níbẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà wà níbẹ̀, owó tí àwọn kan ń gbà lójú ọ̀nà láìkọ rìsíìtì wà níbẹ̀, owó èyí tí ó jẹrà náà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ebola tòmátò jẹ oko tòmátò run ní ìpínlẹ̀ Kaduna àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní òkè ọya, tòmátò di góòlù ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú alátà. Ṣùgbọ́n alátà kọ́ ni ó rán kòkòrò sí oko.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti ẹni tí ń ṣe é nìkan. Nígbà tí alájàpá bá wọ ọjà ní Ṣakí tàbí ní Ìṣẹ́yìn, àgbẹ̀ yóò gba owó, yóò fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, yóò fi ra ajílẹ̀, yóò sì san owó àwọn tí ó bá a kọ ebè. Obìnrin tí ń ro àmàlà lẹ́bàá ọjà yóò rí tà. Ẹni tí ń rán àpò, awakọ̀, ẹni tí ń lẹ táyà àti alábàárù yóò rí oúnjẹ òòjọ́ wọn. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, àgbẹ̀ tí ó mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ wá rà á ni ó ń ní ìgboyà láti fi kún oko rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí kò retí oníbàárà kan yóò gbin ìwọ̀n tí ẹnu ilé rẹ̀ lè jẹ, yóò sì fi ìyókù ilẹ̀ sílẹ̀ fún igbó. Ìrìn obìnrin kan sí oko ń tan owó ìlú dé abúlé, ó sì ń mú oúnjẹ abúlé dé ìlú.

NÍGBÀ TÍ A BÁ SÉ Ọ̀NÀ

Bí ẹnìkan bá ń ṣiyèméjì, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2021. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn ní oṣù kejì ọdún náà, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá sì jóná. Lẹ́yìn èyí, láti ọjọ́ 25 oṣù náà, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó oúnjẹ àti màlúù láti òkè ọya pinnu pé àwọn kò ní í kó o wá sí ìhà gúúsù mọ́. Wọ́n dá àwọn ọkọ̀ dúró ní Jẹ́bà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àlùbọ́sà, tòmátò àti ẹran wọ́n ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ òkè ọya rí gbà? Tòmátò rẹ̀ jẹrà, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò rà á. Nígbà tí ó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta, wọ́n ṣí ọ̀nà padà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ebi ń pa ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀, oúnjẹ sì ń jẹrà mọ́ ẹni tí ó wà ní òkè lọ́wọ́. Òjò kò dáwọ́ dúró, ilẹ̀ kò sì ṣá. Ìrìn oúnjẹ ni ó dúró.

Àwọn bàbá wa mọ ìrora yìí. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sé ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn láti ọdún 1877, ní àkókò ogun tí ó di ogun Kírìjì, ohun tí ó yẹ kí ó ti etíkun wá kò lè kọjá mọ́. Ojú ọ̀nà tí a sé jẹ́ ohun ìjà bí ìbọn ṣe jẹ́ ohun ìjà.

Ìjọba náà ti sé ọ̀nà rí, nígbà tí ó rò pé òun ń ran tálákà lọ́wọ́. Ní àkókò ogun Hitler, láàárín ọdún 1941 sí 1945, ìjọba àwọn òyìnbó ní Èkó fi òfin lé owó oúnjẹ. Ọ̀gá tí wọ́n fi ṣe olórí ètò náà ń jẹ́ Captain Pullen. Iye tí wọ́n fi lé gàárì kéré sí iye tí ó ń ná àwọn obìnrin láti rà á ní Ìjẹ̀bú kí wọ́n sì gbé e wọ Èkó. Kí ni ó tẹ̀lé e? Gàárì sá kúrò ní ojú ọjà, ó wọ inú yàrá, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà á yóò rà á ní ìkọ̀kọ̀ ní owó tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alímótù Pẹlẹ́wùrà, ìyá arúgbó tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí kò kàwé, ni ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti sọ fún ìjọba pé ètò náà kò bọ́ sí i. Ní ọdún 1945 ni ìjọba pa á tì. Ní Abẹ́òkúta náà ní ìgbà ogun yẹn, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Igbe wọn ni ó mú kí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí ojú sí ọ̀ràn àwọn obìnrin ọjà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gáná tún le ju èyí lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ni wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Nígbà tí ó di ọdún 1979, tí àwọn àjèjì ti lọ tí ọjà sì tún wọ́n, ẹ̀bi náà bọ́ sí orí àwọn obìnrin Gáná fúnra wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn sójà wó ọjà Makola ní Accra palẹ̀. Wọ́n ní àwọn obìnrin ibẹ̀ ni ó ń mú kí nǹkan wọ́n. Ṣùgbọ́n wíwó tí wọ́n wó ọjà kò mú kí oúnjẹ pọ̀. Ní ọdún 1983, ọ̀dá àti iná igbó bá ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Gáná tí ìjọba Nàìjíríà lé padà sì ti dé, ebi sì mú gidigidi. Wọ́n ti wó ọjà, wọ́n ti na obìnrin, ebi kò sì lọ.

NÍBO NI Ẹ̀ṢẸ̀ WÀ?

Ẹ̀yin ará, ó lè dàbí ẹni pé mo ti dá alájàpá láre pátápátá. Rárá o. Ohun kan náà tí ó mú kí a yin iṣẹ́ rẹ̀ ni a ó fi dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá jẹ́ pé mímú oúnjẹ rìn ni iṣẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé ìgbà tí ó bá dá oúnjẹ dúró ni ó dẹ́ṣẹ̀. Èrè tí ó ti inú ọ̀nà tí a ṣí wá, ìbùkún ni. Èrè tí ó ti inú ọ̀nà tí a sé wá, ègún ni. Ìwé Òwe orí kọkànlá, ẹsẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n pín àwọn olóúnjẹ sí méjì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ọ̀kan di ọkà rẹ̀ mú, àwọn ènìyàn sì gbé e ṣépè, èkejì tà á, ìbùkún sì bà lé e lórí. Ẹ kíyè sí i pé Ìwé Mímọ́ kò ní kí ó fi ọkà náà ta ọrẹ kí ó tó rí ìbùkún gbà. Títà tí ó tà á náà tó.

Ṣùgbọ́n a mọ bí wọ́n ṣe ń sé ọ̀nà nínú ọjà wa. Ọ̀pọ̀ ọjà wà tí àgbẹ̀ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Bí ó bá gbé ẹrù rẹ̀ dé, ẹgbẹ́ ni yóò sọ iye tí yóò gbà, bí kò bá sì gbà á, kí ó máa gbé ẹrù rẹ̀ padà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ fi owó díẹ̀ lé e kí ó lè tètè tà, wọ́n a bu owó ìtanràn lé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà fún àwọn oníṣòwò ní oṣù kan láti jáwọ́ nínú irú ìwà báyìí. Bákan náà ni àwọn mìíràn ń tẹ ìdí kóńgò wọ inú, tàbí kí wọ́n fi nǹkan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀wà tó dé ojú rẹ̀. Wòlíì Ámósì, ní orí kẹjọ ìwé rẹ̀, ti bá àwọn ará ọjà tí ó sọ òṣùwọ̀n di kékeré wí, kì í sì í ṣe ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bá wọn wí. Oúnjẹ tí a yọ kúrò nínú kóńgò tálákà, a ti dá a dúró kí ó má dé ẹnu rẹ̀. A kò mẹ́nu kan àwọn tí ń da oògùn apakòkòrò sórí ẹ̀wà, tí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún léraléra. Èyí kì í ṣe òwò mọ́.

Ọ̀ràn tí ó ṣòro jù ni ti kíkó pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí ní ọ̀kàn: bí mo bá ra àgbàdo ní ìgbà ìkórè tí ó pọ̀, tí mo sì tà á ní ìgbà ọ̀wọ́n, ǹjẹ́ mo ṣẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé, bí gbogbo wa bá tà á tán ní ìgbà ìkórè, kí ni a ó jẹ ní ìgbà tí oko ṣì tutù? Ẹni tí ó pa á mọ́ dáadáa tí ó sì tà á nígbà tí ebi dé, ó mú oúnjẹ rìn láti ìgbà ọ̀pọ̀ dé ìgbà ọ̀wọ́n, bí ẹlòmíràn ṣe ń mú un rìn láti oko dé ìlú. Iṣẹ́ tí Jósẹ́fù ṣe ní Íjíbítì nìyẹn, nígbà tí ó kó ìdá márùn-ún èso ilẹ̀ pamọ́ fún ọdún méje. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ẹni tí ebi ti dé tán níwájú rẹ̀, tí àká rẹ̀ sì kún, tí ó wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí pé ó ń retí kí ebi náà tún le sí i.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi Jósẹ́fù pa ojú dé. Bí ẹ bá ka Jẹ́nẹ́sísì orí kẹtàdínláàádọ́ta, ẹ óò rí i pé nígbà tí owó àwọn ará Íjíbítì tán, wọ́n fi ẹran ọ̀sìn wọn ra oúnjẹ. Nígbà tí ẹran tán, wọ́n fi ilẹ̀ àti ara wọn rà á. Oúnjẹ rìn, òótọ́ ni, ẹ̀mí sì là. Ṣùgbọ́n wọ́n di ẹrú Fáráò. Nítorí náà, ìbéèrè kejì wà lẹ́yìn àkọ́kọ́. Kò tó kí a béèrè bóyá oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa. A gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó fún un. Nehemáyà orí karùn-ún ni ó dáhùn èyí. Ní ìgbà ìyàn, àwọn ènìyàn ti fi oko àti ọgbà àjàrà wọn dúró kí wọ́n lè rí ọkà. Nehemáyà bínú, ó pe àwọn ọlọ́lá jọ, ó sì ní kí wọ́n dá oko náà padà ní ọjọ́ náà gan-an. Ó yẹ kí àwa tí ń yá àgbẹ̀ lówó ní ìgbà òjò, tí a sì ń gba gbogbo iṣu rẹ̀ ní ìdajì owó ní ìgbà ìkórè, ka orí yìí lórí eékún wa. Owó tí a fi ṣáájú fún àgbẹ̀ lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ gidi. Bí ó bá di okùn tí a fi so ó mọ́lẹ̀, tí kò lè ta ọjà fún ẹlòmíràn láé, ọ̀nà ni a tún sé yẹn.

OHUN TÍ JOHN WESLEY KỌ́ WA

Bàbá wa John Wesley kò ka owó sí ohun àìmọ́. Nínú ìwàásù rẹ̀ lórí lílo owó, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1760, ó ní kí Kristẹni ṣiṣẹ́ kí ó sì jèrè, kí ó má ṣe ná an ní ìnákúnàá, kí ó sì fi í ta ọrẹ. Ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí èrè náà: kò gbọdọ̀ ba ẹ̀mí wa tàbí ìlera wa jẹ́, kò sì gbọdọ̀ pa ọmọnìkejì wa lára. Ó tilẹ̀ ní a kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ tà ní ọ̀pọ̀ kí a lè ba òwò ẹlòmíràn jẹ́. Èyí kọ́ wa pé olówó kan tí ó ń tà á wálẹ̀ láti lé àwọn alárobọ̀ kúrò, kí ó lè fi owó lé e nígbà tí ó bá ku òun nìkan, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tálákà.

Ní ọdún 1773, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wesley kọ ìwé pélébé kan láti wádìí ìdí rẹ̀. Kò kàn nàka sí ẹni tí ó jókòó ní ọjà. Ó tọ ipa ọ̀rọ̀ náà lọ dé ìdí. Ó rí ọkà tí wọ́n ń fi pọn ọtí líle, ó rí ọkà tí àwọn ẹṣin ọlọ́rọ̀ ń jẹ, ó rí bí àwọn ọlọ́lá ṣe so oko kéékèèké pọ̀ di oko ńlá tí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tí ń kó adìyẹ àti ẹyin wá sí ọjà fi pòórá, ó sì rí owó orí tí ó wúwo. Ẹ̀kọ́ gidi ni èyí fún wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Owó epo ọkọ̀ ti ga láti ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Owó náírà ti já, àwọn àgbẹ̀ ní ibòmíràn sì ń bẹ̀rù láti lọ sí oko nítorí àwọn ajínigbé. Ẹni tí ó bá fi gbogbo èyí sílẹ̀ tí ó ń bú ìyá alágbo ata, ó ti fi ẹ̀bi sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kì í ṣe ibi tí ẹ̀bi wà.

Àwọn kan lè dá mi lóhùn pé, "Ọjà ni ọjà, bí ó bá ṣe rí ni à ń tà á. Kí ni ti ìjọ Ọlọ́run níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán. Ọjà kì í dìde fúnra rẹ̀ tẹ ìdí kóńgò. Ọjà kì í bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ni ó ń ṣe é, ènìyàn ni yóò sì jíhìn. Àwa Yorùbá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà gbọ́dọ̀ rántí pé òun yóò padà sílé.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Mo dábàá ohun mélòó kan fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí àwa tí ń rà á yé bú àwọn tí ń tà á. Kí a béèrè pé èló ni ọkọ̀, èló ni ó jẹrà, kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀dájú. Èkejì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kóńgò kan tí ó pé, tí a óò fi sí inú gbọ̀ngàn wa, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ṣòwò lè mú tirẹ̀ wá láti fi wé e láìsí ìtìjú. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa yá àwọn àgbẹ̀ obìnrin tí ó wà ní àwọn ìjọ abúlé lówó ní ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbìn, kí wọ́n san owó padà, kí wọ́n sì ní òmìnira láti ta iṣu wọn fún ẹni tí ó bá wù wọ́n. Ẹ̀kẹrin, kí àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àgàgà àwọn tí a fi joyè níbẹ̀, sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lé àgbẹ̀ tàbí àjèjì kúrò ní ojú ọjà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ lè pàdánù ìsọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ẹnìkan ṣoṣo sọ ọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Fún ẹnikẹ́ni nínú wa tí ń ta oúnjẹ, ìbéèrè méjì péré ni mo fẹ́ kí ó gbé sùn ní alẹ́ ọjọ́ ọjà. Àkọ́kọ́: lónìí, ṣé mo mú oúnjẹ rìn ni, tàbí mo dá a dúró? Èkejì: kí ni mo gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ? Ẹni tí ó bá lè dáhùn méjèèjì láìsí pé ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi, kí ó jẹ èrè rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, kí ó sì san ìdámẹ́wàá rẹ̀ láìbẹ̀rù. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ń ṣe. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ọjọ́ ọjà mìíràn ṣì ń bọ̀, ìlẹ̀kùn tí a tì ṣì ṣeé ṣí.

Kí Ọlọ́run tí ń fún afúnrúgbìn ní irúgbìn bùkún oko àwọn àgbẹ̀ wa. Kí ó ṣọ́ àwọn tí ń rin ìrìn àjò lórí oúnjẹ wa ní ọ̀sán àti ní òru. Kí ó sì fún wa ní ọkàn tí kò ní í fi ebi ẹlòmíràn ṣe àǹfààní. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.